Dígí awò ìwòràwọ̀ tí kò gún régé: ṣé lésà ni kí a fi tò ó, àbí ojú?

Ìbéèrè, láti Ọ̀bàntókò:

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lókè òkun fi awò ìwòràwọ̀ onídígí kan ránṣẹ́ sí wa. Dígí ńlá inú rẹ̀ fẹ̀ ní 130 mm, ìmọ́lẹ̀ sì ń péjọ ní 650 mm sí iwájú dígí náà. Orí pákó tó ń yí ló jókòó lé, a sì ń gbé e ka orí tábìlì. Nígbà tí a fi lẹ́ǹsì tí agbára rẹ̀ kéré wo òṣùpá, inú àwọn ọmọ dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi èyí tó lágbára wo Júpítà, àwọn ọ̀já ara rẹ̀ kò hàn rárá, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ nù ún sápá kan. Ìràwọ̀ pàápàá kì í di ẹyọ kan, ó ń yọ ìrù. Ẹnìkan ní kí n ra lésà, irú èyí tí a ń fi sí ibi tí lẹ́ǹsì máa ń jókòó, kí n fi tò dígí méjèèjì. Òmíràn ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan síkúrù kankan, pé bí mo bá tú u, n kò ní lè dá a padà mọ́. Fídíò kan ní kí n kọjú awò sí ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n ń pè ní Polaris nítorí pé kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n n kò rí Polaris yìí lójú ọ̀run wa níhìn-ín. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ìrù yẹn gan-an ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Ẹ gbé ìràwọ̀ kan sí àárín gbùngbùn ojú awò, kí ẹ wá yí lẹ́ǹsì ìfojúwò po nínú ọrùn tó jókòó sí, láìfà á jáde. Bí ìrù náà bá ń yí tẹ̀lé lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì ni kò dára. Bí ẹ bá tẹ orí yín sápá kan tí ìrù sì tẹ̀lé orí yín, ojú tiyín ló ń ṣe é, kí ẹ wọ awò ojú yín kí ẹ tún un wò. Bí kò bá tẹ̀lé èyíkéyìí, tó kọjú sí apá kan náà ṣáá, ọ̀rọ̀ dígí ni.

Nínú irú awò yìí, tí Isaac Newton kọ́kọ́ ṣe ní 1668, ìmọ́lẹ̀ máa ń lọ bá dígí ńlá ní ìsàlẹ̀ túùbù, dígí ńlá á dá a padà sókè, dígí kékeré pẹlẹbẹ tó dagun ní dígíríì 45 á sì darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ túùbù jáde sí ojú ẹni tó ń wò. Dígí ńlá òde òní jẹ́ àwokòtò oníparabólà, irú àwokòtò bẹ́ẹ̀ kì í sì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo àfi bí ìmọ́lẹ̀ náà bá wọlé ní ìbámu pẹ̀lú ìlà àárín rẹ̀. Bí ẹ ti ń jìnnà sí ìlà àárín yìí ni ìrù ń gùn sí i. Àgbègbè kékeré kan ló wà yí ìlà àárín ká tí ìrù kò ti ní hàn, ìwọ̀n rẹ̀ sì dá lórí nọ́ńbà tí a máa rí bí a bá fi ìfẹ̀ dígí pín ìjìnnà ìpéjọ ìmọ́lẹ̀. Tiyín jẹ́ 650 tí a fi 130 pín, ìyẹn f/5. Ìṣirò tí àwọn tó ń fi dígí ṣeré sábà máa ń lò ni pé kí a kọ nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a sì sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra (bíi 5 × 5 × 5), kí a wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.022 mm: f/5 fún wa ní nǹkan bíi 2.75 mm, nígbà tí f/8 fún wa ní bíi 11 mm. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní túùbù gígùn f/8 fi lè sọ fún yín pé òun kò tò dígí rí, tí òótọ́ sì máa wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ dígí náà ní àgbẹ́tì ni, síkúrù kankan kò ní tún un ṣe. Bí ó ti rí fún Hubble, awò ìwòràwọ̀ ńlá tó wà lójú òfurufú, nìyẹn ní 1990, nígbà tí etí dígí rẹ̀ tẹ́ jù bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi 2.2 máíkírómítà, tí àwọn awòràwọ̀ sì ní láti dúró títí di Oṣù Kejìlá 1993 kí wọ́n tó rí àtúnṣe gbé lọ bá a lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n irú àléébù yẹn máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ yí ìràwọ̀ ká lọ́gbọọgba ni. Kì í yọ ìrù sápá kan. Tiyín yọ ìrù, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀.

* * *

Nípa àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà yín.

Ẹni tó ní kí ẹ má fọwọ́ kan síkúrù rò pé bí awò náà ṣe kúrò ní ilé-iṣẹ́ ló ṣe dé Ọ̀bàntókò. Ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú, ó ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti Èkó, ó sì ti mi jìgìjìgì lórí gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn dígí ńlá, ẹ óò rí síkúrù mẹ́ta tí sípíríǹgì ń tì sẹ́yìn, àti mẹ́ta mìíràn tó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Tìtorí kí ẹni tó ni awò lè máa yí wọn ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Bí ẹ kò bá tú ọ̀kan nínú wọn jáde pátápátá, kò sí ohun tí ẹ lè bàjẹ́ níbẹ̀ tí kò ní ṣeé dá padà ní ọjọ́ kan náà.

Ẹnìkan ti kọ̀wé láti Kútọ̀ pé kí ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe. N kò ka iṣẹ́ wọn sí kékeré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì ti parí. Bí ẹ bá fi máa gbé awò náà padà dé ilé lórí kẹ̀kẹ́ márúwá, ó ṣeé ṣe kí ó ti tún yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo f/5 gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tò ó fúnra rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ ra lésà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gùn, mo sì máa padà sórí rẹ̀. Èrò tèmi nípa gbogbo rẹ̀ ni pé ìtẹ̀sí dígí ńlá ló ń pinnu bí àwòrán yóò ṣe rí lójú yín, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í dé ibẹ̀ nítorí pé wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sán jìjàkadì pẹ̀lú dígí kékeré. Dígí kékeré tó yẹ̀ díẹ̀ máa mú kí apá kan ojú awò ṣókùnkùn ju apá kejì lọ, ẹ lè máà tilẹ̀ fura. Dígí ńlá tó yẹ̀ bákan náà máa ba Júpítà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

* * *

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ dáadáa, kí ẹ sì tẹ́ túùbù sílẹ̀ gbọọrọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó nàró, torí bí àlẹ́n-kíì bá bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí túùbù nàró, ojú dígí ńlá ló máa balẹ̀ sí.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò ju ọmọrí ike kan tó wọ ọrùn lẹ́ǹsì ṣinṣin lọ. Ẹ lu ihò tí kò ju 2 mm lọ sí àárín gbùngbùn rẹ̀, kí ẹ sì lẹ bébà fàdákà tí a fi ń wé oúnjẹ mọ́ inú rẹ̀, kí ihò náà lè dá yàtọ̀ nígbà tí ẹ bá rí òjìji rẹ̀ nínú dígí. Ọ̀pọ̀ awò ní irú ọmọrí bẹ́ẹ̀ nínú páálí wọn, àwọn ènìyàn a sì jù ú nù nítorí pé wọ́n rò pé ike lásán ni. Ẹ tún nílò àmì ní àárín dígí ńlá. Bí tiyín kò bá ní, ẹ tú dígí náà jáde pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ gé bébà róbótó tó bá a mu, kí ẹ ká a sí mẹ́rin kí ẹ lè mọ àárín rẹ̀, kí ẹ wá lẹ òrùka bébà kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ihò ìwé inú fáìlì síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àmì náà yóò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ kò tíì rò ó dé ìparí: òjìji dígí kékeré ti bo àárín dígí ńlá tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kì í débẹ̀.

Ẹ fi ojú sí ihò ọmọrí náà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí dígí kékeré fara hàn bí òrùka róbótó ní ìsàlẹ̀ ọrùn gan-an, kí ó má ṣe fẹ̀ sápá kan. Ẹ fi bébà aláwọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀ lára túùbù ní òdìkejì ọrùn, kí ẹ fi òmíràn dí ojú dígí ńlá, kí ohun tí ẹ ń wò má baà dà pọ̀ mọ́ra. Síkúrù tó wà láàárín ń tì í lọ sókè sódò, a sì lè fi ọwọ́ yí i po. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ bébà tó dí dígí ńlá kúrò, kí ẹ fi àwọn síkúrù kéékèèké mẹ́ta ara dígí kékeré tẹ̀ ẹ́ títí ẹ óò fi rí gbogbo dígí ńlá nínú rẹ̀, pẹ̀lú èékánná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dì í mú, tí gbogbo wọn yọ orí bákan náà. Nígbà náà ni kí ẹ lọ sẹ́yìn túùbù, kí ẹ tú àwọn síkúrù tó ń dè, kí ẹ máa yí àwọn onísípíríǹgì níwọ̀nba, ìdá mẹ́rin yíyípo kan lẹ́ẹ̀kan, títí òjìji ihò ọmọrí yóò fi wọ inú òrùka bébà tó wà láàárín dígí ńlá. Ẹnìkan lè máa wò kí ẹnìkejì máa yí síkúrù. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín á gbádùn apá yìí jù.

Níbí ni ìjà sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gún, ẹ óò rí i pé òjìji dúdú dígí kékeré fúnra rẹ̀ kò sí ní àárín gbùngbùn, ó sún díẹ̀ sí ìhà dígí ńlá. Àwọn kan a sọ pé ẹ kò tíì parí, wọ́n á sì ní kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí lára f/5. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti dígí ńlá ń tín sí i bó ṣe ń sún mọ́ ojú ìpéjọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ dígí kékeré tó sún mọ́ dígí ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ju èyí tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń gbà lọ. Bí a bá fi ìlọ́po mẹ́rin nọ́ńbà f pín ìbú dígí kékeré, a óò rí ìwọ̀n tí ó yẹ kó sún: fún èyí tó fẹ̀ ní 40 mm lára f/5, 2 mm ni. Ẹni tó bá fi ipá fà á padà sí àárín kàn ń ba ohun tó ti tọ́ jẹ́ ni.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé láti Láfẹ́nwá, ó ní ẹnjiníà ni òun, ó sì ní lésà kì í purọ́, nítorí pé ìlà tààrà ni, àti pé ẹni tó bá ń fi ihò ọmọrí ike wo nǹkan ní ayé òde òní ń fi àkókò ṣòfò.

Ìlà tààrà ni lóòótọ́. Ohun tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni pé ó jáde láti inú ike rẹ̀ ní tààrà. Ẹ kan ìṣó mẹ́rin mọ́ pákó, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, kí lésà náà lè jókòó sáàárín wọn láìmì, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri tó jìnnà tó mítà 10, kí ẹ sì máa yí i po lórí ìjókòó rẹ̀. Bí àmì pupa bá dúró sójú kan, lésà yín gún. Bí ó bá ń ya òrùka sára ògiri, lésà náà gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ tò. Àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń ní síkúrù kéékèèké mẹ́ta lára fún èyí, ó sì dára kí ẹni tó bá máa rà á béèrè bóyá ó ní wọn.

Èyí tó tún kù ni ọrùn tó jókòó sí. Bí ó bá láyè díẹ̀, síkúrù kan ṣoṣo tó ń dè é yóò tì í sápá kan, yóò sì tì í síbòmíràn nígbà mìíràn. Ẹ fi sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ tún fi sí i. Bí àmì náà kò bá padà sójú kan náà, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n máa jiyàn pẹ̀lú àwọn onílésà ju ìwọ̀nyí lọ. Wọ́n ní bí ìlà lésà bá ti padà sínú ihò tó ti jáde, iṣẹ́ parí. Bí ìlà náà bá balẹ̀ sí ibi tó fi 3 mm jìnnà sí àárín dígí ńlá, tí ẹ sì yí dígí ńlá títí ìlà fi padà síbi tó ti wá, ìlà àárín dígí náà yóò fi ìdajì rẹ̀, ìyẹn 1.5 mm, kúrò ní àárín ọrùn. Ẹ rántí pé àgbègbè tí kò ní ìrù lára f/5 kò fẹ̀ ju 2.75 mm lọ, ìdajì rẹ̀ kò sì pé 1.4 mm. Lésà ti sọ pé ó dára, ẹ sì ti wà níta àgbègbè náà.

Ọ̀nà kan wà tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nils Olof Carlin, ará Sweden, ló dábàá rẹ̀: kí a fi lẹ́ǹsì Barlow síwájú lésà, kí ìlà tín-ín-rín náà lè fẹ̀ bo àárín dígí ńlá, kí òjìji òrùka bébà tó wà níbẹ̀ sì padà wá hàn lára ojú lésà. Níbi tí ìlà balẹ̀ sí kò ṣe pàtàkì mọ́; òjìji òrùka náà nìkan ni ẹ ń gbé sí àárín. Bí ẹnjiníà wa bá ń lo lésà rẹ̀ lọ́nà yìí fún dígí ńlá, èmi àti òun kò ní ìjà kankan. Kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé ojú sí ẹnu túùbù nígbà tí lésà bá ń tàn, torí pé ìlà tó ti yẹ̀ lè gba ibẹ̀ jáde tààrà.

* * *

Obìnrin kan láti Àsẹ̀rò ní lésà òun dára, òun ti yí i po lójú ògiri, ṣùgbọ́n bí òun bá fi sínú awò òun, àmì pupa ń fọ́nká káàkiri. Ohun tí wọ́n kọ sára túùbù rẹ̀ ni 114 mm àti 1000 mm, túùbù náà kò sì gùn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ.

Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó ń péjọ ní 1000 mm kò lè gba inú túùbù ìdajì mítà láìsí pé ohun kan nà án. Lẹ́ǹsì kan wà tí wọ́n dè mọ́ inú ọrùn náà, ìmọ́lẹ̀ lésà yín sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bí lẹ́ǹsì náà bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fi ihò tàbí lésà tò ó, kí ẹ sì dá a padà lẹ́yìn náà. Bí kò bá ṣeé yọ, ìràwọ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́ fún yín.

* * *

Ó kan Polaris wàyí.

Àwọn tó ṣe fídíò yẹn kò parọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Polaris ga ní bíi dígíríì 51, ó dúró sójú kan láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, ènìyàn sì lè yí síkúrù bó ṣe wù ú láìsí pé ìràwọ̀ sá lọ mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n gíga Polaris níbikíbi kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé. Abẹ́òkúta wà ní dígíríì 7 àti díẹ̀ sí àríwá rẹ̀, nítorí náà Polaris kì í ga ju nǹkan bíi dígíríì 8 lọ lójú ọ̀run wa. Òrùlé àti igi máa ń bo ibẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ gun orí Olúmọ kí ẹ lè rí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba inú afẹ́fẹ́ tó ju ìlọ́po méje èyí tó wà tààrà lókè orí wa lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin àti èéfín ló kún ibẹ̀. Kò sí òrùka kankan tí ẹ máa rí yí ìràwọ̀ náà ká. Ńṣe ni yóò máa hó.

Àwọn kan ti wá sọ pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a mú ìràwọ̀ tó wà tààrà lókè orí. A ní ọ̀kan tó dára fún un: Betelgeuse máa ń kọjá bíi ká sọ pé ní àárín gbùngbùn ọ̀run Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí Oṣù Kejìlá bá ń parí lọ. Ṣùgbọ́n ìjókòó onípákó tí ẹ ní, irú èyí tí John Dobson sọ di mímọ̀ káàkiri ayé, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, torí pé nígbà tí túùbù bá nàró tán, yíyí pákó ìsàlẹ̀ kì í gbé ìràwọ̀ lọ síbi kankan. Ẹ mú èyí tó wà láàárín dígíríì 45 sí 65. Alnilam, tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú Orion, mọ́lẹ̀ níwọ̀n tó yẹ. Ẹ mú un nígbà tó bá ń gòkè bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Sirius mọ́lẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, ìtànṣán rẹ̀ á bo ohun tí ẹ ń wá.

Ìràwọ̀ tó wà ní agbègbè yẹn ń sáré, èyí sì ni àwọn tó ń lo Polaris kì í bá pàdé. Bí ẹ bá fi lẹ́ǹsì 5 mm sí 650 mm, ẹ ti sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 130. Bí ojú lẹ́ǹsì náà bá fẹ̀ ní dígíríì 50, Alnilam á gba etí kan dé etí kejì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Nítorí náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ihò ọmọrí parí iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́sàn-án, kí ó wá ku ìwọ̀nba díẹ̀ fún alẹ́.

Ẹ gbé ìràwọ̀ sí àárín, kí ẹ yí ọrùn díẹ̀ kí ó fẹ̀ di òrùka mélòó kan tó yí òjìji dúdú ká. Bí òjìji náà bá wà ní àárín, ẹ lọ sùn. Bí ó bá sún sápá kan, ẹ na ọwọ́ yín síwájú ẹnu túùbù, ẹ óò rí òjìji ọwọ́ náà nínú òrùka. Ẹ máa gbé ọwọ́ náà yí ẹnu túùbù ká títí òjìji rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ibi tí òrùka ti tín-ín-rín jù. Síkúrù tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ, tàbí èyí tó kọjú sí i, ni ẹ máa yí, ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí. Ìràwọ̀ á kúrò ní àárín bí ẹ ti ń yí i. Ẹ kọ́kọ́ dá a padà sí àárín kí ẹ tó wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣèdájọ́ ìràwọ̀ tó wà ní etí ojú awò, ìrù tó sì yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń bá jà.

* * *

Ẹnìkan tó ní pápá gbalasa nítòsí ní ọ̀nà Alábàtà béèrè bóyá a kò lè ṣe ìràwọ̀ àtọwọ́dá tí kì í sáré. A lè ṣe é. Ẹ gba bọ́ọ̀lù irin kan tó fẹ̀ ní 10 mm lọ́wọ́ mẹkáníìkì, irú tó máa ń wà nínú bíárìn, kí ẹ nù ún kí ó dán, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ dúdú, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn ti lè tàn sí i. Oòrùn tí ẹ óò rí nínú bọ́ọ̀lù náà kò ju bíi 0.02 mm lọ, láti mítà 40 ó sì kéré tó láti jẹ́ ìràwọ̀ fún dígí 130 mm. Ní ìjìnnà yẹn, ọrùn lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jáde ní bíi 11 mm ju bó ṣe máa ń wà fún ìràwọ̀ gidi lọ. Ní mítà 20, bíi 22 mm ni, ọ̀pọ̀ ọrùn kò sì lè jáde tó bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, lórí koríko, kí ilẹ̀ tó gbóná. Ẹ̀yìn yín ni oòrùn gbọ́dọ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Awò tó bá ṣèèṣì kọjú sí oòrùn lè fọ́ ojú ènìyàn lójú ẹsẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin méjì kan béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù lè ba ohun tí a ń wò jẹ́. Ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí èyí, nítorí pé mo ti rí ẹni tó ń yí síkúrù kiri nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń dà á láàmú. Bí dígí bá ti inú yàrá tútù jáde sí ọ̀rinrin alẹ́ wa, omi á bo ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe nù ún, ẹ fi sílẹ̀ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, ooru á máa ru sókè nínú túùbù, òrùka ìràwọ̀ á sì máa jó. Ẹ gbé e síta fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ní ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ilẹ̀ tó ń gbọ̀n a máa sọ ìràwọ̀ di ìlà. Kò sí síkúrù tó lè tún ìyẹn ṣe, ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ti padà wá. Ó ní ìrù ti lọ, pé àwọn ọmọ ti rí ọ̀já méjì lára Júpítà, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ wá ní igun mẹ́ta báyìí, ó sì ń béèrè bóyá kí òun tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tún un tò. Igun mẹ́ta kì í wá láti inú ìtẹ̀sí. Èékánná mẹ́ta ló di dígí ńlá mú, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti fún wọn pọ̀ jù nígbà tí ẹ tú u jáde láti lẹ òrùka bébà. Gíláàsì tó nípọn bẹ́ẹ̀ pàápàá máa ń tẹ̀ lábẹ́ síkúrù, ìwọ̀n tí ó sì lè fi tẹ̀ láìba àwòrán jẹ́ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ẹ tú èékánná kọ̀ọ̀kan títí bébà lásán yóò fi lè gba àárín òun àti dígí kọjá. Kí dígí lè mì díẹ̀ lábẹ́ wọn kò burú, iṣẹ́ wọn ni kí ó má ṣubú, kì í ṣe kí ó má mira.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ihò ọmọrí wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé dígí á ti ṣípò díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ yí àwọn síkúrù tó ń dè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àyíká, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń dè é, nítorí dídè náà a máa tún un tẹ̀. Bí sípíríǹgì yín bá lágbára tó, ẹ lè fi àwọn síkúrù tó ń dè náà sílẹ̀ láìfún wọn rárá, kí ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkigbà tí ẹ bá ti gbé awò náà kúrò níbi kan dé ibòmíràn.